Àgbò Tí A Lé Kiri Anoumabo

Ọwọ́ ọ̀tún ọkọ mi ni ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀. Télọ̀ ni. Láti ìgbà tó ti Ògbómọ̀ṣọ́ dé Abidjan, ọwọ́ náà ló ń bọ́ wa. Òun ló fi tọ́ àwọn ọmọ, òun ló fi kọ́ ilé kékeré tó wà ní ìlú wa, tí ẹnikẹ́ni ò tíì gbé inú rẹ̀. Ọjọ́ kan, lẹ́yìn tí ogun ti pín Côte d'Ivoire sí méjì, ó ń gé aṣọ lọ́wọ́ ni àlùmọ́gàjí bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ láti mú un, kò lè mú un. Kí n tó ti ọjà dé, wọ́n ti tẹ́ ẹ sórí ẹní. Ẹnu rẹ̀ wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, apá ọ̀tún rẹ̀ sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bí ohun tí ẹlòmíràn gbàgbé síbẹ̀.

Ẹnu tètè padà sípò. Ẹsẹ̀ tẹ̀lé e. Ọwọ́ ni kò gbọ́ràn. Láràárọ̀, kí n tó gbé igbá ọṣẹ dúdú àti kànìnkànìn mi lọ sí ọjà Treichville, mo máa ń fi òrí pa á fún un. Mo ká àjákù aṣọ jọ bíi bọ́ọ̀lù, mo ní kó máa tẹ̀ ẹ́. Ó ń tẹ̀ ẹ́, ó ń làágùn bí ẹni tó ń ro oko. Níbi tó ti ń tẹ̀ ẹ́ yìí ló ti jẹ́jẹ̀ẹ́. Ó ní bí Ọlọ́run bá dá ọwọ́ náà padà fún òun, òun yóò fi ọwọ́ náà gan-an pa àgbò oníwo ńlá kan ní Iléyá. Òun ò ní bẹ ẹnì kankan kó bá òun pa á. Kò sì ní jẹ́ irú àgbò tí a máa ń rà nígbà tí ọjà bá ti ń tú, tí wọ́n ti ṣa gbogbo èyí tó dáa lọ. Àgbò tí ìwo rẹ̀ ká ni òun ń wí.

Mo bi í pé, "Ṣé ìwo ni Ọlọ́run fẹ́ jẹ ni?"

Ó ní, "Ìwo ni èmi fẹ́ dì mú."

Ẹni tí kò lè di ṣíbí mú ló ń sọ pé òun fẹ́ di ìwo àgbò mú.

Ó tó ọdún kan gbáko kí àwọn ìka náà tó bẹ̀rẹ̀ sí í ká. Nígbà tí wọ́n ká tán, tó lè gbé ife omi, ó ní ká lọ ra àgbò. Àgbò ò pọ̀ lásìkò yẹn. Apá òkè ni wọ́n ti ń kó wọn wá, láti Mali àti Burkina, ogun sì wà lójú ọ̀nà. Ìwọ̀nba ọkọ̀ tó bá ráyè kọjá, ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń dúró dè é ní ọjà ẹran Port-Bouët. A lọ síbẹ̀ nígbà tó ṣì ku bí oṣù méjì kí Iléyá dé, torí ọkọ mi ò fẹ́ kí wọ́n ṣa àwọn tó dáa tán. Ó wo èyí, ó wo tọ̀hún. Àwọn olùtajà ń pè é, "Papa, wá wo sàgá," torí sàgá ni àwọn Júlà ń pe àgùntàn. Ó kàn ń kọjá wọn.

Ìgbà tó rí èyí tó fẹ́, èmi náà mọ̀. Funfun ni, àfi ojú kan tó dúdú bí ẹni tí wọ́n fi tìróò kùn. Ìwo rẹ̀ ti orí jáde, ó yí lọ sẹ́yìn, ó gba abẹ́ etí padà wá síwájú, ṣóńṣó rẹ̀ wá kọjú síta. Ọkọ mi na ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀, ó di ìwo náà mú nídìí. Àgbò gbọn orí. Ọwọ́ kò bọ́. Ó tún gbọn orí, ọwọ́ ò bọ́. Ọkọ mi dúró síbẹ̀ títí tí olùtajà fi bẹ̀rẹ̀ sí í wò mí bóyá kò sí nǹkan.

Ó ní, "Èyí ni."

Ibi tí a máa so ó mọ́ wá di ọ̀rọ̀. Àgbàlá alájùmọ̀gbé ni a wà ní Treichville, onílé kò sì fẹ́ ẹran tó máa ju ọjọ́ kan lọ. Ọmọ wa obìnrin, èyí àbíkẹ́yìn, ló ní ààyè. Onídìrí ni. Ó háyà yàrá kan ní Anoumabo, lẹ́bàá ọ̀sà, ó ń dirí fún àwọn èèyàn níwájú rẹ̀, ẹ̀yìnkùlé kékeré kan sì wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tó ti kó lọ, bàbá rẹ̀ ò dé ibẹ̀ rí. Ó ní ọmọbìnrin tí kò tíì lọ́kọ, kí ló ń wá nílé ìháyà? Ọmọ náà ní òun ò lè máa dirí fún èèyàn nínú yàrá tí bàbá òun ti ń rán aṣọ. Bí wọ́n ṣe wà nìyẹn. Wọn ò bá ara wọn jà, wọn ò sì bá ara wọn sọ̀rọ̀.

Àgbò ló mú bàbá dé ilé ọmọ. Gbogbo Jímọ̀ tó bá ti kírun tán, ó máa wọ wórò-wórò, ọkọ̀ èrò wa yẹn, lọ sí Anoumabo láti wo ẹran rẹ̀. Jímọ̀ àkọ́kọ́, mo bá a lọ. Ó gba ẹ̀gbẹ́ ọmọ kọjá, ó lọ jókòó ti àgbò.

Ó ní, "Ìwọ àgbò, ṣé wọ́n fún ọ lómi lónìí?"

Ọmọ dáhùn láti ibi tó ti ń dirí, "Wọ́n fún un, Bàbá."

"Ṣé wọ́n gbá abẹ́ rẹ?"

"Wọ́n gbá a."

"Ó dáa. Àwọn tó ń tọ́jú rẹ, kí wọ́n má jẹ́ kí o sùn sínú òjò."

Oníbàárà tó jókòó láàrin ẹsẹ̀ ọmọ mi ò gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n ó ń rẹ́rìn-ín. Ó bi ọmọ náà ní Faransé bóyá àgbò wa máa ń dáhùn. Ọmọ mi ní ó ń dáhùn, pé ó kàn ń tijú àlejò ni.

Nígbà tó fi di bíi Jímọ̀ kẹta, bàbá ti ń jẹ ìrẹsì ọmọ. Lẹ́yìn ìyẹn ó jẹ́ kó gé irun orí òun. Mo ń wo àwọn méjèèjì, bàbá lórí àpótí, ọmọ lẹ́yìn rẹ̀, àgbò ń jẹ èèpo iṣu lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, mo sì ń sọ nínú ara mi pé ẹran yìí ti ṣe ju ohun tí a rà á fún.

Ó wá ku ọ̀la kí Iléyá pé. Èmi ni ọkọ mi rán pé kí n lọ mú un wá, torí ó fẹ́ dúró nílé kó pọ́n ọ̀bẹ rẹ̀. Ó ní, "Ẹ fi okùn sí i lọ́rùn, ẹ gbé e sẹ́yìn ọkọ̀, ẹ máa bọ̀. Ẹ má ṣe nǹkan mìíràn."

Mo dé Anoumabo, mo wo àgbò. Ọmọ ti sa ipá rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹran tó ń sùn sórí ilẹ̀ kò lè mọ́. Ikùn rẹ̀ ti pọ́n, ìdí rẹ̀ dọ̀tí. Mo rò ó wò bí a ó ṣe fà á wọ àgbàlá wa, tí gbogbo alájùmọ̀gbé yóò jáde wá wò ó, èmi tí mo ń ta ọṣẹ, èmi tí mo máa ń sọ fún àwọn oníbàárà pé kò sí ìdọ̀tí tí ọṣẹ mi ò lè ṣí. Mo ní kí ọmọ bá mi mú kànìnkànìn.

Ó ní, "Màmá, Bàbá ní kí ẹ má ṣe nǹkan mìíràn."

"Bàbá rẹ ò mọ ọṣẹ. Aṣọ ló mọ̀."

"Ó máa gbẹ kó tó dé ilé?"

"Oòrùn ń ràn, àbí kò ràn?"

A fà á lọ sétí ọ̀sà. Kì í ṣe àwa nìkan la wà níbẹ̀. Àwọn ọkùnrin mìíràn ń fọ àgbò tiwọn, omi ti dàrú. Mo gbààwẹ̀ Árafà lọ́jọ́ náà, ara mi sì fúyẹ́ bó ṣe máa ń rí. Okùn tó wà lọ́rùn àgbò ń dí mi lọ́wọ́, ọṣẹ ò lè wọ abẹ́ rẹ̀. Mo bá tú u, mo so ó mọ́ ìwo kan. Lójú mi, ìwo tó yí ká tó báyẹn, kí ló tún lè já okùn kúrò níbẹ̀? Mo ta ọṣẹ sí i lórí, mo ta á sí i lẹ́yìn, ọmọ ń bu omi, ọṣẹ ń hó títí ó fi bo ojú dúdú rẹ̀ yẹn. Ọṣẹ wọ ojú rẹ̀. Ó gbọn orí lẹ́ẹ̀kan, okùn yọ̀ lára ìwo bí ẹja, ó sì lọ.

Mo ṣì di okùn mú. Ọmọ mi wo okùn, ó wò mí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sá tẹ̀lé e.

Ẹni tí kò bá tíì wá àgbò ní Abidjan lọ́jọ́ tí ọ̀la jẹ́ Iléyá, kò mọ̀ bó ti rí. Àgbò wà níbi gbogbo. Ó wà lẹ́nu ọ̀nà, ó wà lórí kẹ̀kẹ́ ẹrù, ó wà nínú takisí pẹ̀lú orí lójú fèrèsé. A dé ibi tí àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin kan ti ń mu tíì, mo bi wọ́n bóyá wọ́n rí àgbò tó ní ọṣẹ lára.

Ọ̀kan nínú wọn ní, "La vieille, ìyá àgbà, gbogbo àgbò ló ń sá lónìí. Wọ́n ti gbọ́ nípa ọ̀la."

Èkejì ní, "Èyí tiyín ti wẹ̀ kó tó lọ. Ó mọ ibi tó ń lọ."

Ọmọ mi bú wọn ní irú Faransé ìgboro tí èmi ò gbọ́. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sì na ọwọ́ sí ọ̀nà. A gba ibẹ̀. Mo rí àgbò funfun kan lẹ́yìn kíósì, mo rọ̀ mọ́ ọn, mo ti ń dúpẹ́, àfi bí ọkùnrin kan ṣe ti inú kíósì jáde.

Ó ní, "Ìyá, ẹ kú ọdún o. Tèmi lẹ dì mú yẹn."

Mo wo ojú àgbò náà, funfun ni méjèèjì. Mo bẹ̀ ẹ́, mo fi í sílẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn a bọ́ sí ọ̀dọ̀ àwọn obìnrin Ebrié, onílẹ̀ ibẹ̀, tó ń ṣe atíkẹ́, oúnjẹ ẹ̀gẹ́ tó dà bíi gàrí. Wọ́n ti sá ẹ̀gẹ́ rírin sórí ọ̀rá níta, a sì rí ipa pátákò láàrin rẹ̀ gbùngbùn, àti ọṣẹ. Obìnrin tó ni ín jókòó tì í, ó ká ọwọ́ gbera.

Ó ní, "Ẹ̀yin lẹ ni ín? Ó jẹ oúnjẹ mi, ó tún fi ọṣẹ sí èyí tó ṣẹ́kù."

Ọmọ mi kúnlẹ̀. Ó ní kó má bínú, pé onídìrí ni òun, òun máa dirí fún un lọ́fẹ̀ẹ́, irú èyí tó bá fẹ́.

Obìnrin náà tú gèlè. Orí rẹ̀ ń dán, kò sí irun kan níbẹ̀. "Ó yá, bẹ̀rẹ̀."

Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi di ara wọn mú, òun náà rẹ́rìn-ín. Ó wá fi ẹnu júwe ibì kan fún wa, láàrin ògiri gígùn kan àti ilé tí wọn ò tíì kọ́ tán.

Ibẹ̀ ni a ti bá a. Ọ̀nà náà kò fẹ̀ ju ká na apá méjèèjì lọ, géètì onírin sì wà ní ìparí rẹ̀, tí wọ́n tì pa. Àgbò dúró níwájú géètì náà, ó ń mí, ọṣẹ ti ń gbẹ mọ́ ọn lára. Ó kọjú sí wa.

Ọmọ mi sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Ó ní, "Màmá, ẹ dúró. Ó mọ̀ mí. Ẹ jẹ́ kí n pè é." Ó ti máa ń fún un ní búrẹ́dì tó bá ti pa ahọ́n pọ̀. Ó lóṣòó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pa ahọ́n pọ̀. Àgbò gbé ẹsẹ̀ kan síwájú.

Oòrùn ti ń rẹlẹ̀, n kò tíì kírun Àlàásárì, ọ̀fun mi gbẹ, mo sì ń rí ọkọ mi lọ́kàn mi níbi tó ti ń wo ọ̀nà. Mo ní, "Di ìwo rẹ̀ mú."

"Ẹ jẹ́ kó wá fúnra rẹ̀, Màmá. Doucement, jẹ́jẹ́."

"Dì í mú, mo ní."

Ó dì í mú. Ọmọ tí mo bí ni, ohun tí mo bá sọ lẹ́ẹ̀kejì, ó máa ṣe é. Àgbò ta sẹ́yìn, ìwo rẹ̀ wọ àárín irin géètì, ó há síbẹ̀. Ẹran ń fà lọ sọ́hùn-ún, ọmọ ń fà á wá síhìn-ín, èmi ń pariwo pé kó má fi sílẹ̀. Ó dún bí ìgbà tí wọ́n bá ṣẹ́ ìrèké. Ọmọ mi fi ìdí jókòó sílẹ̀ pẹ̀lú ìwo lọ́wọ́. Níbi tí ìwo ti kúrò lórí àgbò, ẹ̀jẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tú sórí funfun tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀.

Lẹ́yìn náà kò tún sá mọ́. Ó dúró jẹ́ẹ́, mo fi okùn sí i lọ́rùn, níbi tó yẹ kó ti wà látàárọ̀.

A jókòó lẹ́bàá ẹ̀rọ omi kan, a ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró pẹ̀lú ìborùn mi. Gbogbo Mùsùlùmí ló mọ̀ ọ́n, ẹran tí a máa fi ṣe Iléyá kò gbọdọ̀ ní àbùkù. Ọmọ mi ò lọ ilé kéú púpọ̀, ṣùgbọ́n òun náà mọ̀ ọ́n. Nígbà tó pẹ́, ó ní, "Mo ní kọ́ọ̀lù tí mo fi ń lẹ irun. Dúdú ni. Bí mo bá lẹ̀ ẹ́ dáadáa, tí mo fi irun rẹ̀ bò ó nídìí, ẹnikẹ́ni ò ní mọ̀."

Mo rò ó. Mo rò ó bí mo ṣe máa ń ro ọjà tí mo fẹ́ rà. Mo ní, "Ṣé ó lè dúró di ọ̀la?"

"Ó máa dúró. Àfi bí ẹnìkan bá dì í mú."

A wo ara wa. Torí kó lè dì í mú ni ọkọ mi ṣe rà á. Kò sẹ́ni tó tún dárúkọ kọ́ọ̀lù mọ́. A gbé àgbò sẹ́yìn ọkọ̀, ọmọ fi gèlè rẹ̀ di ìwo náà, ó gbé e lé itan títí a fi dé Treichville.

Ọkọ mi jókòó sẹ́nu ọ̀nà àgbàlá. Òkúta ìpọ́nbẹ wà níwájú rẹ̀, ọ̀bẹ wà lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀, ó ń fà á lọ, ó ń fà á bọ̀, kò sì gbọ̀n. Mo rí ọwọ́ náà kí ó tó rí wa. Ọmọ ló kọ́kọ́ sọ̀kalẹ̀. Ó lọ kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, ó tú gèlè.

Ó ní, "Bàbá, ẹ má bínú. Èmi ni mo ṣẹ́ ẹ."

Ọkọ mi wo ìwo náà. Ó gbójú sókè, ó wò mí níbi tí mo dúró sí lẹ́yìn ọkọ̀ pẹ̀lú okùn. "Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?"

Ohun tó yẹ kí n sọ ò gùn. Èmi ni mo fọ̀ ọ́. Èmi ni mo tú okùn lọ́rùn rẹ̀. Ọmọ ní ká fara balẹ̀, èmi ni mo ní kó dì í mú. Gbogbo rẹ̀ wà lẹ́nu mi. Ohun tí mo sọ ni pé, "Ó sá ni."

Irọ́ kọ́. Àgbò sá lóòótọ́.

Ọkọ mi fi aṣọ nu ọ̀bẹ, ó ká a sínú aṣọ náà. Ó sọ fún ọmọ pé, "Mo ní kí ẹ má ṣe nǹkan mìíràn." Kò pariwo. Ó dìde, ó lọ bá Àfáà tó ń kírun fún wa ládùúgbò. Nígbà tó dé, ó ní Àfáà ní ìwo tó ṣì ń ṣẹ̀jẹ̀ kò ṣeé fi ṣe Iléyá, àfi tó bá jinná. Bí ojú rẹ̀ bá jinná, kò sí nǹkan nínú rẹ̀ mọ́. Ìyẹn ni pé kó di ọdún tó ń bọ̀.

Ọmọ mi ò dúró kí n ṣínu. Ó ní òun ní oníbàárà tó fẹ́ dirí ọdún. Mo mọ̀ pé kò sí oníbàárà kankan. Mo jẹ́ kó lọ.

Lọ́jọ́ Iléyá, ọkọ mi wọ agbádá funfun, ó lọ kírun, ó padà wá. Wọ́n ń pa ẹran yíká àgbàlá. Ọkùnrin ará Burkina tó kángun sí wa wá bá a, ó ní kó wá fi ọwọ́ rẹ̀ pa àgbò òun, pé òun yọ̀ǹda rẹ̀ fún un. Gbogbo wọn ló mọ ẹ̀jẹ́ náà. Ọkọ mi dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní àgbò tòun kọ́. Ó wọlé, ó jókòó. Ọwọ́ rẹ̀ wà lórí itan rẹ̀, àwọn ìka ń ká, wọ́n ń ṣí, bí ìgbà tó ń tẹ bọ́ọ̀lù aṣọ. Èmi ń gbọ́únjẹ. Mo gbé ẹran tí àwọn aládùúgbò fún wa síwájú rẹ̀, ó jẹ ẹ́, ó ní ó dùn.

A dá àgbò padà sí Anoumabo, torí onílé ò gbà. Èmi ni mo ń gbé èèpo iṣu àti ọkà bàbà lọ. Ọmọ mi ń fi omi iyọ̀ wẹ ojú ọgbẹ́ náà, ó ń fi òrí sí i. Ó máa ń bi mí pé, "Bàbá ńkọ́?" Mo máa ní ó wà. Jímọ̀ dé, Jímọ̀ lọ, bàbá ò wá. Ó máa ti mọ́ṣáláṣí dé, ó máa bọ́ bàtà, ó máa dùbúlẹ̀. Irun orí rẹ̀ ti kún. Mo rò pé ọ̀rọ̀ náà máa lọ fúnra rẹ̀. Bí mo ṣe máa ń ṣe nìyẹn, mo máa ń jẹ́ kí nǹkan gbẹ.

Kò gbẹ. Jímọ̀ kan, mo ń wo irun orí rẹ̀ yẹn, n kò lè gbé oúnjẹ sẹ́nu. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, láti orí kànìnkànìn dé orí géètì.

Ó fetí sílẹ̀ títí mo fi parí. Ó ní, "Mo mọ̀ pé ìwọ lo fọ̀ ọ́. Ta ló tún lè fi ọṣẹ fọ àgbò nínú ilé yìí? Èmi rò pé ọmọ ló fagbára fà á."

"Èmi ni mo ní kó fà á."

"Kí ló dé tí o kò sọ ọ́ lójú rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn?"

"Mo ń gbààwẹ̀."

"Ṣé ààwẹ̀ ló ní kí o má sọ̀rọ̀?"

Mo gbé àwo oúnjẹ kúrò níwájú mi. Ó wọ bàtà rẹ̀ padà, ó ní kí n dìde, kí n wá sọ ọ́ níbi tó yẹ kí n ti sọ ọ́.

A bá ọmọ níbi tó ti ń dirí. Oníbàárà méjì wà níbẹ̀, mo sọ ọ́ lójú wọn. Mo ní, "Ọmọ mi, èmi ni mo jẹ̀bi ìwo yẹn. Mo jẹ́ kí o rù ú fún mi." Ọmọ mi ò gbé ojú kúrò lórí irun tó ń di.

Ó ní, "Mo mọ̀, Màmá. Mo wà níbẹ̀."

Ó di irun náà dé ìdí, ó so ó, ó wá bi bàbá rẹ̀ bóyá ó fẹ́ gé irun. Bàbá jókòó sórí àpótí.

Ojú ọgbẹ́ náà jinná. Ó le, ó dúdú, irun hù yí i ká. Ọkọ mi tún ń lọ ní gbogbo Jímọ̀, ó ń di ìwo kan tó kù mú. Ṣùgbọ́n nígbà tí òjò ọdún náà ń parí, mo rí i pé ó ti ń fi ọwọ́ òsì gbé ife. N kò bi í. Kò pẹ́ sí i tí ara rẹ̀ tún rọ, kò le tó ti àkọ́kọ́, kódà ẹnu rẹ̀ ò wọ́. Ọwọ́ ọ̀tún yẹn nìkan ló lọ. Mo tún bẹ̀rẹ̀ sí í fi òrí pa á. Mo ká aṣọ fún un, kò tẹ̀ ẹ́.

Iléyá tó tẹ̀ lé e, a tẹ́ àgbò sílẹ̀ nínú àgbàlá. A mú un wá pẹ̀lú ìdọ̀tí rẹ̀, okùn lọ́rùn. Ọmọ mi di ìwo kan náà mú, ó ń pa ahọ́n pọ̀ fún un kó má bẹ̀rù. Wọ́n gbé ọkọ mi jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àfáà fi ọ̀bẹ sí i lọ́wọ́, àwọn ìka ò ká mọ́ ọn. Ó tún fi í sí i, ọ̀bẹ bọ́ sílẹ̀. Ọkọ mi ní kí Àfáà mú ọ̀bẹ, kó gbé ọwọ́ òun lé ọwọ́ tirẹ̀. Èmi ni mo gbé e. Ó wúwo, ó tutù díẹ̀. Ọkọ mi pe orúkọ Ọlọ́run kedere, Àfáà sì pa á.

Àfáà ní Ọlọ́run ti gbà á. Ọkọ mi náà ní ó tó, pé Ẹni tó fún òun ní ọwọ́ náà ló gbà á padà. Ọmọ mi ń sunkún, ó ní èéfín iná ló ń ta òun lójú. N kò bá wọn jiyàn. Àfáà àti ọkọ mi ka kéú, èmi ò kà á.

Ṣùgbọ́n mo rí ọwọ́ yẹn lẹ́nu ọ̀nà lọ́dún tó ṣáájú, nígbà tó ń pọ́n ọ̀bẹ. Kò gbọ̀n. Bí mo bá mú ẹran náà wá ní gbígbẹ, láìfọ̀ ọ́, bó ṣe rán mi, òun fúnra rẹ̀ ni ì bá pa á. Mo gbé ọwọ́ rẹ̀ kúrò lórí ti Àfáà, mo dá a padà sórí itan rẹ̀, mo lọ bá ọmọ níbi tó ti ń múra láti bó awọ.

Ó ní, "Màmá, ẹ bá mi di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú."

Mo dì í mú.